Ìṣẹ́jú Àáyá Kan ní Bèbè Ihò Dúdú: Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè Yín

Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé nípa ihò dúdú lójú ewé yìí lóṣù tó kọjá, lẹ́tà yín kò dáwọ́ dúró. Mo ka gbogbo wọn. Márùn-ún péré ni àyè gbà, mo sì mú àwọn tó kan iṣẹ́ tí èmi fúnra mi ń ṣe lójoojúmọ́: ìtànṣán X-ray tó ń ti ẹ̀bá àwọn ihò dúdú kéékèèké wá, àwọn tó fìdí kalẹ̀ sí àárín gálásì (àgbájọ ìràwọ̀ rẹpẹtẹ) tí wọ́n sì ń jẹ gáàsì tó yí wọn ká. Ẹ ó rí i pé mo pẹ́ lórí ìbéèrè kejì ju àwọn yòókù lọ. Ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ fíṣíìsì ni mí. Ẹ sọ lóṣù tó kọjá pé ohun tó bá ti wọ ihò dúdú kò lè jáde mọ́, títí kan ìmọ́lẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ tún ní à ń rí X-ray láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé ìwé ìròyìn náà wá bá mi, wọ́n ní èwo ni káwọn gbà. N kò rí èsì gidi fún wọn.

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ló jàre. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, àmọ́ n kò sọ ibi tí X-ray náà ti ń jáde gan-an, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Kì í ti inú ihò wá. Ìta ló ti ń wá, ní bèbè, kí nǹkan tó ré kọjá ààlà tí a kì í ti ibẹ̀ padà.

Ẹ ní kí wọ́n rọ omi kún bàsíà ìfọwọ́, kí wọ́n wá ṣí ihò abẹ́ rẹ̀. Omi náà kò ní já sínú ihò ní tààrà. Yóò kọ́kọ́ máa yí po, èyí tó sún mọ́ ihò á máa sáré ju èyí tó wà lẹ́yìn lọ. Bí gáàsì ṣe ń ṣe nìyẹn bó bá fẹ́ wọ ihò dúdú. Ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀pọ́n, á máa yí, á máa yí, òbírípo inú ń sáré ju òbírípo ìta lọ, wọ́n ń ha ara wọn, agbára òòfà tó wà nínú gáàsì náà sì so wọ́n pọ̀ bí okùn, kò jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjì ra ara wọn kíkankíkan mọ ohun tó ń tìdí ẹ̀ yọ: ó ń gbóná. Ní bèbè inú lọ́hùn-ún, eré gáàsì náà lè tó ìdajì eré ìmọ́lẹ̀. Kó tó wọlé, nǹkan bí ìdá kan nínú 10 ìwọ̀n rẹ̀ lè ti di ìmọ́lẹ̀. Oòrùn tiwa, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò lè yọ tó ìdá kan nínú 100 láti ara háídrójìn tó ń jó.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé bí ihò dúdú bá ṣe kéré sí i ni ọ̀pọ́n rẹ̀ ń gbóná sí i. Ká ní ihò méjì ń jẹun bó ṣe tó sí ìwọ̀n kálukú wọn, tí ọ̀kan wá fi ìlọ́po 10,000 kéré sí èkejì, ọ̀pọ́n ti kékeré á gbóná ju ti ńlá lọ ní ìlọ́po 10. Ọ̀pọ́n ihò tó wúwo tó bílíọ̀nù kan oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti ihò tó wúwo tó 100,000 oòrùn lè sún mọ́ mílíọ̀nù kan dígírì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì ti máa ya wọ inú X-ray.

Àmọ́ X-ray tó lágbára jù kì í ti ara ọ̀pọ́n wá. Lókè ọ̀pọ́n náà, nítòsí ihò, gáàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ìgbóná rẹ̀ ń lọ sí bílíọ̀nù kan dígírì. Kòrónà ni àwọn onímọ̀ ń pè é, láti inú èdè Látìn, ìyẹn ni adé. Adé náà ni màá máa pè é. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú adé ń fò káàkiri pẹ̀lú agbára tó pọ̀, nígbà tí hóró ìmọ́lẹ̀ kan bá sì gbéra láti ara ọ̀pọ́n tó bọ́ sáàárín wọn, wọn á gbá a bí ẹni gbá bọ́ọ̀lù. Ó wọlé jẹ́jẹ́, ó jáde ní X-ray. Ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pé adé yẹn là ń rí, a ò rí ọba tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ayé ló rí àwòrán ihò dúdú M87 lọ́dún 2019, èyí tó wúwo tó bílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ oòrùn. Ti àárín gálásì tiwa náà jáde lọ́dún 2022. Kí ló dé tí ẹ fi ń lo ayé yín lórí àwọn kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ò lè ya àwòrán wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní kékeré. Láàárín gálásì, ihò tó wúwo tó 10,000 oòrùn títí dé mílíọ̀nù kan tàbí díẹ̀ lé, kékeré la kà á sí. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Èdè wa ti bá mi ṣe ìdajì àlàyé tí mo fẹ́ ṣe fún ọ. Ìṣẹ́jú tí a fi ń ka wákàtí, ojú tí èèyàn ṣẹ́ ni. Ìṣẹ́jú àáyá, ojú tí àáyá ṣẹ́ ni, ẹranko tí ojú rẹ̀ kì í sinmi. Ihò dúdú náà ń ṣẹ́jú: X-ray ẹ̀bá rẹ̀ á mọ́lẹ̀, á wọmi, á tún mọ́lẹ̀. Nǹkan tó ń tàn kò sì lè ṣẹ́jú yára ju àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń la inú rẹ̀ kọjá lọ, torí pé ìròyìn pé “ó yá, ẹ mọ́lẹ̀” gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì.

Gbé ìṣirò náà wò. Bí a bá fún oòrùn kan pọ̀ títí tó fi di ihò dúdú, láti àárín rẹ̀ dé ààlà rẹ̀ kò ju kìlómítà 3 lọ. Oòrùn 100,000 á wá jẹ́ 300,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá 1. Ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo! M87 tí o dárúkọ ńkọ́? Nǹkan bíi wákàtí 18 ni ìmọ́lẹ̀ á fi rin ìrìn kan náà.

Ṣé o rí i báyìí? Ohun tí ihò ńlá á fi oṣù tàbí ọdún ṣe, ihò kékeré á ṣe é tán láàárín òru kan lójú rẹ. Lọ́dún 2006, Ian McHardy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé òfin kan náà ló ń darí ìṣẹ́jú ihò dúdú tí ìràwọ̀ tó kú fi sílẹ̀ àti ti àwọn tó wà láàárín gálásì: ìwọ̀n rẹ̀, àti bó ṣe ń jẹun tó. Nítorí náà, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí X-ray ṣe ń ṣẹ́jú, bí ẹni gbé ihò náà sórí òṣùwọ̀n ló rí.

Èyí tí mo mọ̀ jù nínú wọn wà nínú gálásì NGC 4395, nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan). Gálásì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, kò ní òkìtì ìràwọ̀ láàárín bíi ti àwọn gálásì ńlá, kò sì sí ẹni tó rò pé ihò dúdú á wà níbẹ̀ títí tí Alexei Filippenko àti Wallace Sargent fi kéde lọ́dún 1989 pé ọ̀kan ń jẹun láàárín rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2003 ń parí lọ, XMM-Newton, sátẹ́láìtì X-ray ti ilẹ̀ Yúróòpù, tẹjú mọ́ ọn fún ohun tó lé ní ọjọ́ kan gbáko. Ìsọfúnni tó kó jọ wà ní gbangba, òun sì ni ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òru ni. Mo gé àkókò náà sí wẹ́wẹ́, 100 ìṣẹ́jú àáyá fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo ka hóró X-ray tó bọ́ sínú ìkọ̀ọ̀kan, mo ní kí kọ̀ǹpútà fi ya ìlà. Mo ti ya irú rẹ̀ rí fún gálásì tí ihò ńlá wà nínú rẹ̀, ìlà tó tẹ́ bí odò tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí ló sì jáde. Ti òru ọjọ́ yẹn, eyín ayùn ni. Ó gòkè, ó já wálẹ̀, ó di ìlọ́po méjì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó tún bú jáde. N kò lè jókòó mọ́. Nǹkan tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ó ń mí lójú mi!

Lápá ìparí, òkè kan wà tó ga ju gbogbo yòókù lọ, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mi wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bi mí pé, “Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́, ṣé o ti yà á?” N kò tíì yà á. Ẹ̀yìn tó ń sọ ni apá ojú àwòrán tí gálásì náà kò sí, tí ìràwọ̀ kankan kò sí, òkùnkùn lásán. Mo ka hóró ibẹ̀, mo yà á. Òkè kan náà, ní wákàtí kan náà. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ihò dúdú rárá. Púrótọ́ọ̀nù, hóró kéékèèké irú èyí tó wà nínú átọ́ọ̀mù, ló ya lu awò náà, wọ́n pọ̀ lójú ọ̀nà tí XMM ń gbà yípo ayé, kò sì yéé dà á láàmú. Mo gé apá yẹn dànù. Gbogbo eyín ayùn tó kù, nígbà tí mo yọ ti ẹ̀yìn kúrò nínú rẹ̀, kò yí padà. Ihò náà ló ń ṣẹ́jú lóòótọ́. Àtìgbà náà ni n kì í ti wo ihò dúdú kankan láìkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìwọ̀n ihò yìí ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ títí dòní. Lọ́dún 2005, Bradley Peterson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wọn gáàsì tó ń yí i po, wọ́n ní ó tó 360,000 oòrùn. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà míì lọ́dún 2015, wọ́n dé 400,000. Lọ́dún 2019 ni Jong-Hak Woo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ní kò ju nǹkan bíi 10,000 lọ. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti eré. Bó bá jẹ́ 360,000, odindi oòrùn wa lè wọ inú ààlà rẹ̀ kó sì kù síbẹ̀. Bó bá jẹ́ 10,000, kò tó pílánẹ́ẹ̀tì Saturn lójú. Ní tèmi, mo fẹ́ kí á máa pe X-ray wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́ yìí ju bí a ṣe ń ṣe lọ, torí pé gbogbo àwọn yẹn ń wọn gáàsì tó wà lókèèrè, X-ray ló ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Kò tán síbẹ̀. X-ray máa ń ní gbohùngbohùn. Èyí tó gbéra láti inú adé, apá kan ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní tààrà, apá kan ń kọlu ọ̀pọ́n, irin tó wà nínú gáàsì ọ̀pọ́n náà á sì tàn ní ọ̀nà tirẹ̀, á wá tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Lọ́dún 2009, Andrew Fabian àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbọ́ gbohùngbohùn yìí nínú gálásì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 1H 0707-495. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 ló fi pẹ́ lẹ́yìn. Ìyẹn jẹ́ kìlómítà mílíọ̀nù 9, kò tó ìdá kan nínú 16 ọ̀nà tó wà láàárín wa àti oòrùn wa. Awò kankan ò lè rí adé àti ọ̀pọ́n yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ a mọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Wákàtí tí a fi ń ka àkókò la fi wọ̀n ọ́n.

Ìdí kan tún wà tí mo fi rọ̀ mọ́ wọn. Àwọn ihò ńlá ti jẹun pọ̀, wọ́n ti gbé ihò mìíràn mì, kò sí ohun tó kù lára wọn tó lè sọ bí wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n bí wọn. Àwọn kan ní ìràwọ̀ àkọ́kọ́ tó kú ló bí wọn, nǹkan bí 100 oòrùn. Àwọn kan ní ìkùukùu gáàsì ńlá ló wó lu ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi bẹ̀rẹ̀ láti 10,000 tàbí 100,000. Nínú àwọn gálásì kékeré tí ìjà kò pọ̀ láyé wọn, ihò àárín wọn ṣì lè sún mọ́ bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Bí a bá fẹ́ mọ ìtàn ìbí M87 tí o fẹ́ràn, àwọn kéékèèké wọ̀nyí la máa bi.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, X-ray yìí, ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ni? Bó bá ń ti òkè wá, ṣé kò ní ṣe àwọn ọmọ wa ní jàǹbá?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Irú kan náà ni, àmọ́ ti ojú ọ̀run kì í dé ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí wa ló ń gbé e mì. Ìdí nìyẹn tó fi di dandan pé kí awò X-ray gòkè kọjá afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1962, Riccardo Giacconi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀rọ kan sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ohun tó ń tan X-ray lẹ́yìn oòrùn wa àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2002. Sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí a ṣe fún X-ray ojú ọ̀run nìkan, etíkun Kenya ni wọ́n ti yìn ín sókè, lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1970, lọ́jọ́ tí Kenya ń ṣàjọyọ̀ òmìnira. Wọ́n sọ ọ́ ní Uhuru, òmìnira ní èdè Swahili. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ ọ́.

Èyí tó sì dé òkè lọ́hùn-ún kò tó nǹkan, ẹ gbà mí gbọ́. Ìka ọwọ́ kan tó láti ka hóró X-ray tí XMM ń mú láti ọ̀dọ̀ NGC 4395 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìbéèrè: Ẹ kú làákàyè. Ihò dúdú tí ìràwọ̀ fi sílẹ̀ náà ń tan X-ray. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èyí tí ẹ rí láàárín gálásì kékeré kì í ṣe irú ìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹni tó béèrè èyí ti ronú jinlẹ̀, torí pé ibẹ̀ gan-an la ti máa ń ṣìnà. Cygnus X-1, ihò dúdú tí ìràwọ̀ kan fi sílẹ̀ nínú gálásì tiwa, kò ju nǹkan bí 21 oòrùn lọ. Bí irú rẹ̀ bá rí oúnjẹ jẹ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ X-ray rẹ̀ lè tó ti ihò àárín gálásì tí kò jẹun yó. Láti òkèèrè, wọ́n á jọ ara wọn bí ìbejì.

Ohun tí à ń kọ́kọ́ ṣe ni kí á wo ibi tó wà. Chandra, awò X-ray ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó gòkè lọ́dún 1999, ojú rẹ̀ mú púpọ̀, ó lè sọ bóyá ìmọ́lẹ̀ náà wà láàárín gbùngbùn tàbí ní ẹ̀gbẹ́. Bó bá wà láàárín, a ó tún wo ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí: gáàsì tó ń sáré yí ihò ńlá po máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú rẹ̀: bí a bá pín ìmọ́lẹ̀ náà sí àwọ̀ rẹ̀, ìlà tí háídrójìn ń fà síbẹ̀ á fẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni Jenny Greene àti Luis Ho gbà lọ́dún 2004, nígbà tí wọ́n rí 19 irú gálásì bẹ́ẹ̀ nínú àkójọ Sloan, iṣẹ́ ńlá kan tó ń wo ojú ọ̀run káàkiri tó sì ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn gálásì. Lẹ́yìn náà la wá ń pe X-ray. Ní ti RGG 118, gálásì kékeré kan tó jìnnà sí wa ní mílíọ̀nù 340 ọdún ìmọ́lẹ̀, gbogbo ẹlẹ́rìí náà fẹnu kò lọ́dún 2015: ìlà tó fẹ̀, X-ray láàárín gbùngbùn látọ̀dọ̀ Chandra, ìwọ̀n bí 50,000 oòrùn.

Èèyàn sì lè fẹnu kò kó tún ṣìnà bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan ló fi dájọ́. Nínú gálásì M82, ohun kan ń tan X-ray tó pọ̀ débi pé ihò dúdú ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí. Lọ́dún 2014, awò NuSTAR rí i pé ó ń lù bí aago, lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 1.37. Ihò dúdú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ níútírọ́ọ̀nù ni, òkú ìràwọ̀ tí kò tilẹ̀ di ihò. Mo kọ orúkọ rẹ̀, M82 X-2, mọ́ ara ògiri níwájú tábìlì mi, kí n lè máa rí i.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún 14 ni mí. Ṣé ihò dúdú kan wà tó ń lù bí ọkàn èèyàn? Ṣé èmi náà lè rí i?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ó wà. Lọ́dún 2007, XMM tẹjú mọ́ gálásì RE J1034+396, ihò tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù oòrùn mélòó kan. X-ray rẹ̀ ń lọ sókè ó ń bọ̀ wálẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bíi wákàtí kan, léraléra, ó sì lù tó ìgbà 16 kí wọ́n tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò ó lọ́dún 2018, ó ṣì ń lù.

Èyí tó wú mi lórí jù ni GSN 069. Ihò tirẹ̀ tó nǹkan bí 400,000 oòrùn. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2018, XMM ń wò ó lọ, jẹ́jẹ́ ló wà, ó kàn bú gbàmù. Ó mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, ó tó wákàtí kan, ó sì kú. Nǹkan bíi wákàtí 9 lẹ́yìn rẹ̀, ó tún bú. Giovanni Miniutti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré béèrè fún àyè sí i lórí XMM àti Chandra, wọ́n sì bá a lẹ́nu rẹ̀: lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo nǹkan bíi wákàtí 9. A ti rí irú rẹ̀ nínú àwọn gálásì mìíràn lẹ́yìn náà. Àwọn kan sọ pé ìràwọ̀ kékeré kan ló ń yí ihò náà po, tó ń la ọ̀pọ́n gáàsì já bó bá ti dé ibẹ̀, tí gáàsì gbígbóná sì ń ta jáde. Àwọn mìíràn sọ pé ọ̀pọ́n náà fúnra rẹ̀ ló ń kún tó ń fà. Ìràwọ̀ yẹn ni mo fara mọ́, torí pé bí ìbúgbàmù náà ṣe ń pẹ́ díẹ̀ tó tún ń yá díẹ̀ jọ ìrìn ohun tí òbírípo rẹ̀ kò rí rogodo.

O lè rí i. Ìsọfúnni XMM wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹni tó béèrè fún un. Wá NGC 4395 tàbí GSN 069 níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà kò ju àtẹ gígùn kan lọ: hóró X-ray kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó dé, ibi tó bọ́ sí, agbára rẹ̀. Fa òbírípo kékeré kan yí gálásì náà ká, gé àkókò sí 100 ìṣẹ́jú àáyá, kí o máa ka hóró tó bọ́ sínú rẹ̀. Bí o bá rí òkè ńlá, má tíì pe ẹnikẹ́ni. Fa òbírípo mìíràn síbi tí òkùnkùn wà, ka hóró ibẹ̀ náà, kí o sì tẹ́ méjèèjì síra wọn. Lẹ́yìn náà kọ̀wé sí mi, kí o fi àwòrán méjèèjì ránṣẹ́.